Mo fẹ́ sọ ẹ̀yìnkùlé mi di ṣọ́ọ̀bù káfíńtà: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

AyùnTuntun (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo ń ṣe, àmọ́ mo kọ́ iṣẹ́ káfíńtà díẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ní báyìí tí a ti kó wọ ilé ara wa, ó ń wù mí kí n máa fi Sátidé kan nǹkan. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi jẹun o. Ibùsùn àwọn ọmọ, kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, pẹpẹ ìwé, irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé ni ààyè náà wà. Ó gùn ní fíìtì 18, ó fẹ̀ ní fíìtì 12. Sìmẹ́ńtì wà nílẹ̀, páànù wà lókè, ògiri yí i ká lápá mẹ́ta, ṣùgbọ́n orí kan tó jẹ́ fíìtì 12 ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹnìkan fẹ́ ta ayùn orí tábìlì tòkunbọ̀ kan fún mi. Ẹ̀rọ ńlá ni, ó sì wọ̀ mí lójú. Ìyàwó mi ló ní kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n kí n tó gbé e wálé. Òun náà ló ní òun ò fẹ́ rí ìyẹ̀ igi nínú ọbẹ̀ òun. Kí lẹ rí sí i?


BàbáOnípákó (Ìbàdàn)

Ọmọ mi, ìyàwó rẹ gbọ́n. Má tíì sanwó ẹ̀rọ.

Wo ààyè tí o sọ yẹn dáadáa. Pákó tí wọ́n ń tà ní Bódìjà, fíìtì 12 ni. Bí o bá fẹ́ la odidi pákó lórí ẹ̀rọ, o gbọ́dọ̀ ní fíìtì 12 tí pákó ti máa bọ̀, kí o tún ní fíìtì 12 tó máa jáde sí. Fíìtì 24 nìyẹn, a ò tíì ka tábìlì ẹ̀rọ mọ́ ọn. Fíìtì 18 ni tìrẹ. Bí o bá gbé ayùn sí àárín gbùngbùn ṣọ́ọ̀bù, bí mo ṣe ń rí i tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí ń ṣe nítorí pé ó dára lójú fọ́tò, pákó á ti forí sọ ògiri kó tó là dé ìdajì.

Orí tó ṣí sílẹ̀ yẹn ni kí o fi ṣe ọgbọ́n. Kọjú ayùn síta. Jẹ́ kí abẹ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn ní bíi fíìtì 14, kí ìwọ alára lè ráyè dúró. Pákó á bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, á sì máa jáde bọ́ sí gbangba. Wá àga gíga kan tó bá tábìlì ẹ̀rọ dọ́gba, gbé e síta kí pákó lè máa gun orí rẹ̀ bó ṣe ń jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orí rẹ̀ á wọlẹ̀, ìdí rẹ̀ á gbé sókè mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ohun kejì: ta ló fẹ́ fi odidi fíìtì 12 kan ibùsùn ọmọdé? Gé e sí ìwọ̀n tí o máa lò, fi íǹṣì méjì lé e, lẹ́yìn náà ni kí o tó gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ. Ìta gbangba ni a ti ń gé irú ìyẹn, ayùn ọwọ́ sì ti tó o.

Igi ló máa sọ ibi tí gbogbo nǹkan yóò wà. Ibi tó máa gbà wọlé, ibi tó máa sùn sí, ibi tí a ti máa là á, ibi tí a ti máa fá a, ibi tí a ti máa kàn án pọ̀, ibi tí a ti máa kùn ún. Fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì yẹn nígbà tó ṣì ṣófo. Lẹ́yìn náà, gbé pákó kan dání kí o máa bá a rìn láti ẹnu ọ̀nà. Ibi tí o bá ti kọlu nǹkan, ibẹ̀ ni kí o tún tò. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.


ỌmọMushin (Èkó)

Bàbá, ẹ kú àmọ̀ràn. Mo gba ti ọ̀rọ̀ ààyè tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n "má tíì sanwó ẹ̀rọ" yẹn ni ò tíì wọ̀ mí tán. Sátidé nìkan ni ẹ̀gbọ́n yìí ní. Bó bá ń fi ọwọ́ la pákó tó nípọn íǹṣì méjì, ilẹ̀ á ṣú bá a nídìí ẹyọ kan.

Àmọ́ kì í ṣe ayùn orí tábìlì ló kàn ní tèmi. Ayùn oníná tí a ń fọwọ́ gbé, èyí tí abẹ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì méje àti díẹ̀, ni kí wọ́n rà. Kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n sọ yẹn, plywood tàbí MDF (bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi fọ́nrán igi tẹ̀ pọ̀) ni wọ́n máa fi ṣe é. Fíìtì 8 sí 4 ni ẹyọ kan, èyí tó sì nípọn ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì wúwo ju ohun tí ènìyàn kan lè máa tì kọjá lórí tábìlì kékeré. Ẹ tẹ́ pákó 2 by 2 mẹ́rin sílẹ̀, ẹ gbé plywood lé e, ẹ fi kiláǹpù méjì de pákó tó gún gbọọrọ mọ́ orí rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ayùn máa tọ ẹ̀gbẹ́ pákó náà lọ. Ẹ jẹ́ kí eyín abẹ yọ díẹ̀ péré nísàlẹ̀ plywood. Ojú tó dára ni kí ẹ dà bolẹ̀, torí ìsàlẹ̀ sókè ni eyín ayùn yẹn ń gbé bọ̀, òkè ló sì ti máa ń ya igi jágajàga.

Tàbí kí ẹ má tiẹ̀ gé e nílé rárá. Níbí ní ọjà pákó Àmù, àwọn tó ń ta bọ́ọ̀dù ní ẹ̀rọ ńlá tó ń gé e. Ẹ kọ ìwọ̀n sórí ìwé, wọ́n á gé e, wọ́n á lẹ téèpù sí etí rẹ̀ fún yín. Owó iṣẹ́ lẹ máa san.


ÌyáBẹ́ǹṣì (Èkó)

Òótọ́ ni Ọmọ Mushin sọ, èmi náà ń gé bọ́ọ̀dù lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ mú téèpù ìwọ̀n tiyín lọ, kí ẹ sì dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi parí. Nǹkan kan tún wà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í ránti: abẹ ayùn náà ń jẹ igi. Ìgékúgèé tí wọ́n bá gé, ó máa jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì. Bọ́ọ̀dù tó fẹ̀ ní íǹṣì 48 ò lè fún yín ní ẹyọ mẹ́ta tó pé íǹṣì 16. Ẹ yọ ti abẹ kúrò kí ẹ tó kọ ìwọ̀n, kí ilẹ̀kùn kan má baà kéré ju èkejì lọ.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, abẹ́ ibi tí à ń gbé mọ́tò sí ni èmi ti ń ṣiṣẹ́, mọ́tò sì tún ń pa dà wá síbẹ̀ lálẹ́. Bẹ́ǹṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ kàn, kí ẹ tó ra ohunkóhun tó ń lo iná. Òun gan-an ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín. Ẹ fi 2 by 4 ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi ti ara rẹ̀ náà ṣe ìdè ìsàlẹ̀. Bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ tí a ń to irinṣẹ́ lé á tún fi ìwúwo kún un, torí bẹ́ǹṣì tó fúyẹ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn fá igi. A ó máa fá, òun á máa rìn.

Bí ó ṣe ga tó: ẹ dúró ṣánṣán, ẹ jẹ́ kí apá yín sọ̀ wálẹ̀. Ibi tí ọrùn ọwọ́ yín bá dé, ibẹ̀ ni orí bẹ́ǹṣì máa wà. Bó bá jẹ́ pé pléènì ọwọ́ lẹ máa lò jù, ẹ dín in kù díẹ̀ kí ẹ lè fi ara tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ kékeré bíi wíwọn àti gígbẹ́ ihò ni, kí ó ga díẹ̀ sí i, ẹ̀yìn yín á dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ jẹ́ kí òun àti tábìlì ayùn, tí ẹ bá rà á, ga bákan náà gẹ́ẹ́. Bẹ́ǹṣì á wá di àga gíga tí Bàbá sọ yẹn.

Ohun tó bá ní ẹsẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo fi táyà kéékèèké sí i, táyà tó ṣeé tì pa. Bẹ́ǹṣì nìkan ni mi ò fi sí. Ibi tí ẹ ti ń fi ayùn la igi láàárọ̀ lè di ibi tí ẹ ti ń kan kọ́bọ́ọ̀dù lọ́sàn-án, tí ohun gbogbo bá ṣeé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.


WáyàPupa (Òṣogbo)

Ẹ dákun, kí ẹ tó máa tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí oníná sọ̀rọ̀. AyùnTuntun, ẹ wo ara ẹ̀rọ yẹn, irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ nǹkan sí. Kí ni wọ́n kọ?


AyùnTuntun

Mo ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ohun tí mo rí ni 120V, 60Hz, 15A. Ìtumọ̀ rẹ̀ ńkọ́?


WáyàPupa

Ohun tí mo fọkàn sí náà nìyẹn. Ti Amẹ́ríkà ni. Iná tiwa níbí jẹ́ 230 volt, 50Hz. Tí ẹ bá kì í bọ sókẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, á ké, á yọ èéfín, ó parí.

Ó ṣeé lò o, àmọ́ ẹ máa ra tíránsífọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀. 120 lọ́nà 15 jẹ́ 1,800 watt, ìyẹn ìgbà tó bá ti ń sáré lọ geere. Nígbà tí ayùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, iná tó ń fà lè di ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má ra tíránsífọ́mà tó kéré sí 3 kVA fún un. Bákan náà ni jẹnẹrétọ̀: kékeré tí à ń pè ní "I pass my neighbour" yẹn ò tiẹ̀ tó kilowatt kan. Ẹ̀rọ yìí ń béèrè 4 sí 5 kVA kó tó dìde láì sunkún.

Ti 60Hz yẹn náà ṣe pàtàkì, àwọn tó ń tà á kì í sì í sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ayùn alárìwo tó ń lo kábọ̀n nínú, tí à ń pààrọ̀ kábọ̀n rẹ̀ bó bá jẹ tán, kò ní wàhálà, 50 tàbí 60 ò kàn án. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èyí tí mọ́tọ̀ rẹ̀ wúwo, tó dákẹ́, tí kò ní kábọ̀n, á máa sáré lọ́nà tó fi ìdá kan nínú mẹ́fà dín sí ti Amẹ́ríkà, á sì máa gbóná. Tíránsífọ́mà ò lè tún ìyẹn ṣe, volt nìkan ló ń yí pa dà.

Wáyà: ẹ má ṣe fa wáyà tín-ínrín láti pálọ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ jẹ́ kí oníná fa wáyà 2.5 mm wá sí ṣọ́ọ̀bù, kó ní búréékà tirẹ̀, kó ní áàtì. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n ṣiṣẹ́, ẹ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá ká jọ tí ẹ sì ń fi fa iná ayùn, á máa gbóná láàárín ara rẹ̀ títí rọ́bà rẹ̀ á fi yọ́. Sókẹ́ẹ̀tì ò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ tí ìyẹ̀ igi á ti máa kó sí i. Ẹ gbé e ga ju bẹ́ǹṣì lọ.

Owó iná ò tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń bẹ̀rù ẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó Band A lọ sókè ni wọ́n ti ń bi mí bóyá ayùn á jẹ wọ́n run. Ayùn 1,800 watt tó bá ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko, yúníìtì kan ò pé. Iṣẹ́ ilé kì í sì í mú kí ayùn sáré tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́. Wíwọn ló ń gba àkókò.

Jẹnẹrétọ̀ ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ páànù yẹn láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣí. Gáàsì tó ń pa ènìyàn nínú èéfín yẹn ò ní àwọ̀, kò ní òórùn.


Tòkunbọ̀Kent (Gẹ̀ẹ́sì)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Mo fẹ́ fi kún ti tòkunbọ̀. Àwọn kan rò pé tó bá ti jẹ́ pé ìlú ọba ló ti wá, iná wa ló bá mu. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé níbí, 110 volt ni, kí iná má baà pa òṣìṣẹ́. Ẹ máa mọ̀ ọ́n nípa pílọ́ọ̀gì rẹ̀: àwọ̀ rẹ̀ dà bíi pupa inú ẹyin (yẹ́lò), ó rí roboto, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹni tó ń tà á bá ti gé pílọ́ọ̀gì náà tó sì fi ẹlẹ́sẹ̀ onígun mẹ́rin sí i, ara ẹ̀rọ nìkan lẹ tún lè kà á sí. Ẹ máa kà á.

Abẹ náà ńkọ́. Ihò àárín abẹ ti Amẹ́ríkà oníṣì 10 jẹ́ ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ íǹṣì. Èyí tó ń ti Yúróòpù wá jẹ́ 30 mm. Ọ̀kan ò bá èkejì mu. Kí ẹ tó ra ayùn, ẹ kọ́kọ́ wádìí irú abẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà tó sún mọ́ yín.

Ṣọ́ọ̀bù tèmi ò ju gáráàjì ẹyọ mọ́tò kan lọ, òtútù àti ọ̀rinrin ló sì ń bá mi jà, irinṣẹ́ ń dípẹtà. Mo ń fi òróró nu pléènì àti ṣísẹ́ẹ̀lì, mo sì ń kó wọn sínú àpótí tó dé pinpin. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ẹ ní ọ̀rinrin tó ju tèmi lọ lásìkò òjò, ẹ má ṣe fi wọ́n kọ́ sára ògiri tó ṣí síta nítorí pé ẹ rí i bẹ́ẹ̀ lórí YouTube.


ỌmọMushin

Ẹ̀gbọ́n Kent, èmi ń fi wọ́n kọ́ sára ògiri o, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Tí mi ò bá rí ohun èlò, mi ò ní lò ó.


Tòkunbọ̀Kent

Ṣé ṣọ́ọ̀bù tìrẹ ní ilẹ̀kùn?


ỌmọMushin

Ó ní in, sà.


ỌmọLísàbí (Abẹ́òkúta)

Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ láti àárọ̀, ẹnìkan ò tíì sọ̀rọ̀ ikán.

Pákó ò gbọdọ̀ sùn sílẹ̀, kódà lórí sìmẹ́ńtì. Ikán ń gba ibi tí sìmẹ́ńtì ti sán jáde, sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ sì ń fa omi láti ilẹ̀. Ẹ fi 2 by 3 ṣe apá sára ògiri, kí apá kan jìnnà sí èkejì ní bíi fíìtì méjì, kí pákó má baà tẹ̀ láàárín. Ẹ kó pákó lé e ní ìbúlẹ̀, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ oníṣì kan sáàárín ìpele kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ yìí gbọ́dọ̀ to ara wọn lọ sókè tààrà lórí apá, tó bá ṣe wọ́gọwọ̀gọ pákó á lọ́. Ẹ kun orí pákó méjèèjì, ibẹ̀ lomi ti ń yára jáde tí igi fi ń là.

Ògiri ọ̀tún tàbí òsì ni kí ẹ lò, kì í ṣe ibi tí òjò ti lè fẹ́ wọlé. Ọ̀nà kan náà tí pákó á gbà bọ́ sórí ayùn, ẹ jẹ́ kí apá yìí kọjú sí i, ẹ ò ní máa yí pákó fíìtì 12 po nínú ilé.

Pákó géérégé ni gbogbo wa kì í fẹ́ dànù. Ẹ wá báàkẹ́ẹ̀tì kan. Tó bá kún, ẹ fi dáná. Ìdọ̀tí igi tó bá pẹ́ ní kọ̀rọ̀ ni ikán máa ń kọ́kọ́ jẹ kó tó bọ́ sí pákó tí ẹ fowó rà. Solignum, oògùn ikán tí a ń kùn sára igi, ni mo fi ń kun apá ògiri àti ìdí ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá ń kùn ún, kí ẹ má sì fi kun ohun tí oúnjẹ máa kàn tàbí ibùsùn ọmọ.


AyùnTuntun

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti sọ fún ọkùnrin ẹlẹ́rọ yẹn pé kó ṣe sùúrù. Ẹ jọ̀ọ́, irú igi wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Ìrókò ni bàbá mi máa ń yìn.


BàbáOnípákó

Bàbá rẹ ò purọ́, ṣùgbọ́n ìrókò kì í ṣe igi akẹ́kọ̀ọ́. Ó wọ́n, àti pé òkúta máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, òkúta gidi tó funfun bí ẹfun ṣùgbọ́n tó le koko, tó lè mú kí eyín abẹ tuntun kú níṣẹ́jú kan. Fi àfàrà ṣe ibùsùn. Ó rọrùn láti fá, ó ń gba gọ́ọ̀mù, ó sì ń gba ìṣó. Melina náà dára, ó pọ̀ lọ́jà. Inú igbó J4 ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ti gbìn ín lọ súà nígbà kan, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe pépà ní Ìwòpín. Pépà yẹn kọ́, bẹ́ẹ̀dì ló pàpà dà.

Arère fúyẹ́, ó mọ́, ó sì ṣeé fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ihò. Ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Tí o bá rí ihò tóó-tòò-tó lára rẹ̀ tí ìyẹ̀ funfun ń dà sílẹ̀ láti inú rẹ̀, má gbé e wálé, kòkòrò ọ̀hún á bá pákó yòókù lálejò. Wo etí ìrókò tó funfun pẹ̀lú ojú yìí kan náà; inú rẹ̀ tó pọ́n dẹ́dẹ́ ni kòkòrò ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn jù ni ọyẹ́. Igi tí o bá rà lóṣù keje ti mu omi yó. Bó bá di oṣù kejìlá tí ọyẹ́ fẹ́, á sún kì. Kò ní kúrú, ìbú rẹ̀ ni yóò dín. Ojú tábìlì tí o bá fi gọ́ọ̀mù àti ìṣó de pinpin yípo, ọyẹ́ á là á sí méjì, á sì pariwo bí ìbọn lóru. Gbé pákó sínú ilé níbi tí ohun tí o fẹ́ kàn máa wà, jẹ́ kó sùn níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí o tó fọwọ́ kàn án. Níbi tí ojú tábìlì ti pàdé ẹsẹ̀, gbẹ́ ihò súkúrúù kó gùn díẹ̀ kí igi lè ráyè mí. Bí o bá ní ẹ̀rọ amúlétutù nínú pálọ̀, ọyẹ́ ti wà níbẹ̀ ní gbogbo ọdún nìyẹn.

Ọmọ Mushin, mo gbọ́ tìrẹ lórí ẹ̀rọ. Mi ò ní kó má lò ó. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ ní ayùn ọwọ́ kan, pléènì kan, ṣísẹ́ẹ̀lì oríṣi mẹ́ta, òòlù, sikuwéà (tí a fi ń wò ó bóyá igun gún), téèpù àti òkúta tí a fi ń pọ́n nǹkan. Òkúta ni wọn kì í rà. Ṣísẹ́ẹ̀lì tó kú léwu ju èyí tó mú lọ, torí agbára lèèyàn á máa fi tì í. Kí ó yẹ sikuwéà wò lọ́jà kó tó sanwó: fi í fa ìlà lórí bọ́ọ̀dù tí etí rẹ̀ gún, yí i pa dà, kí o tún fa òmíràn lórí rẹ̀. Tí ìlà méjèèjì bá ya ara wọn, dá a pa dà fún un. Ohun ńlá bíi férémù bẹ́ẹ̀dì, fi téèpù wọn fíìtì 3 lápá kan, fíìtì 4 lápá kejì. Tí igun bá gún, láti ojú àmì kan sí èkejì máa jẹ́ fíìtì 5 gẹ́ẹ́.


Nọ́ọ̀sìAládùúgbò (Ìlọrin)

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tèmi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yìí bẹ̀rù ìyẹ̀ igi nítorí ọbẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ni kó bẹ̀rù fún. Láti ọdún 1995 ni IARC, ẹ̀ka àjọ WHO tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti fi ìyẹ̀ igi sí ara ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Inú imú ni ti èyí ń jà jù. Ti ìrókò lè fa ikọ́ fée àti ara yíyún. Ti mansonia, irú igi mìíràn, tún burú jù: ó ń mú kí èèyàn máa sín, ó lè mú imú ṣẹ̀jẹ̀.

Aṣọ tí a so mọ́ imú kì í sẹ́ ìyẹ̀ tó kúnná. Ìbòmú N95 tàbí FFP2 ni kí ẹ rà, kó lẹ̀ mọ́ ojú. Èyí tó ń jáde nígbà tí ẹ bá ń fi sáńpépà ha igi ló léwu jù, torí pé ojú ò fẹ́rẹ̀ rí i. Ẹ gbé e lọ síbi tó ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa gbé e jáde. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a, ẹ kọ́kọ́ wọ́n omi sílẹ̀. Kí ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ síbẹ̀ kí ẹ tó wọlé, àwọn ọmọ máa fẹ́ gbá yín mọ́ra. Ẹ di etí náà; ariwo ayùn kì í dun ènìyàn lọ́jọ́ tó ń ba etí jẹ́.


ÌyáBẹ́ǹṣì

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Nítorí ìyẹ̀ yìí náà ni ibi ìkùn ò gbọdọ̀ fi sún mọ́ ibi ìlà. Ẹ kùn ún ní ọjọ́ tí ẹ ò gé nǹkan kan, ẹ sì ti gbá ilẹ̀ lálẹ́ àná. Sanding sealer, lákà àti tìnà, iná ń ràn mọ́ gbogbo wọn lọ́nà jíjìn: ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ sítòsí, ẹ má dáná, ẹ má sì tọ́jú wọn sábẹ́ bẹ́ǹṣì tí ẹ̀ ń lo ayùn lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ òróró linseed lẹ ń lò, ẹ má ká àkísà rẹ̀ jù sí kọ̀rọ̀. Ó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ tàbí kí ẹ rì í sómi.

Gílóòbù: ẹ fi méjì síbẹ̀, kí ọ̀kan máa ti ọ̀tún bọ̀, kí èkejì máa ti òsì. Ẹyọ kan lókè orí, òjìji ọwọ́ yín ló máa bo ìlà tí ẹ fẹ́ gé.


AyùnTuntun

Mo ti lọ ya ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Mo gbé pákó kan rìn bí Bàbá ṣe wí, òpó páànù kan ló kọ́kọ́ kọlù. Apá pákó á wà lógiri òsì, bẹ́ǹṣì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ayùn ọwọ́ oníná ni mo máa rà báyìí. Mo ti dá ọkùnrin ẹlẹ́rọ yẹn lóhùn pé mi ò rà á mọ́. Kì í ṣe nítorí 120 volt nìkan, mo bi í nípa irin pẹlẹbẹ tó máa ń wà lẹ́yìn abẹ tí kì í jẹ́ kí igi pa mọ́ ọn, ó ní wọ́n ti yọ ọ́ dànù.


ỌmọMushin

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Ayùn tí kò ní irin yẹn, tí igi bá pa mọ́ abẹ lẹ́yìn, á ta pákó pa dà sí yín nínú ikùn. Ìgbà tí ẹ bá wá ra ayùn orí tábìlì lọ́jọ́ mìíràn, ẹ máa dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má dúró tààrà sójú ìlà abẹ, kí ẹ sì fi igi ti pákó nígbà tó bá ku díẹ̀.

Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ lọ ra pákó bẹ́ǹṣì?


AyùnTuntun

Sátidé tó ń bọ̀. Mo kọ 2 by 4 mẹ́jọ sílẹ̀, àti plywood kan tó nípọn ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì fún orí bẹ́ǹṣì. Bàbá, ṣé ó tó?


BàbáOnípákó

Ó tó. Mú téèpù dání, torí 2 by 4 tí wọ́n ń pè yẹn, òmíràn ò ju íǹṣì kan àti àbọ̀ sí mẹ́ta àti àbọ̀ lọ, ti ìkejì rẹ̀ á sì yàtọ̀. Má wọn orí kan ṣoṣo, wọn orí méjèèjì àti àárín. Mú àwọn tó bá dọ́gba jọ fún ẹsẹ̀, kí o sọ àwọn yòókù di ìdè ìsàlẹ̀. Gbé ẹyọ kọ̀ọ̀kan sókè sójú, di ojú kan, kí o wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ dé ìpẹ̀kun: tó bá wọ́, dá a pa dà sórí òkìtì. Wọ́n á kígbe mọ́ ọ. Máa mú òmíràn lọ. Tí o bá ti rí mẹ́jọ, san owó fún àwọn tó ní ẹ̀rọ lọ́jà kí wọ́n bá ọ fá a ní ojú mẹ́rin kí o tó gbé e sọ́kọ̀. Ó dín sí ohun tí o máa fi ra pléènì oníná.